Ṣájà Tí Wọ́n Ń Pè Ní Ọ̀tá

Aláago ń jowú, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ́ lójú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bi í pé kí ló dé tójú rẹ̀ fi korò báyìí, á ní oorun kò tó òun, á ní bàtà tuntun ló ń ta òun lẹ́sẹ̀, á ní ṣúgà inú tíì òun kò tó. Irọ́ ni. Owú ló ń jẹ, owú ìyàwó rẹ̀. Kì í sì í ṣe irú èyí tí ọkùnrin ń jẹ nítorí ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ì bá tiẹ̀ sàn, ó kéré tán èèyàn á rí ẹni tó máa bá wọ̀yá ìjà. Etí ìyàwó rẹ̀ ló ń jowú.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ. Nígbà tó gbé e níyàwó, nọ́ọ̀sì kékeré ni obìnrin náà ní ọsibítù, ohun tó sì mọ̀ nípa rédíò kò ju kéèyàn tan án, kéèyàn pa á. Aláago ló jókòó tì í nídìí tábìlì pálọ̀, tó ṣàlàyé fún un pé rédíò ìgbì kúkúrú kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí wọ́n fi ń gbọ́ orin nílé onígbàjámọ̀. Ó ní ohùn orí rẹ̀ máa ń fò lọ sókè, á kan ojú ọ̀run, á tún já bọ́ síbi tẹ́nì kan kò rò, débi pé èèyàn lè wà ní pálọ̀ ara rẹ̀ kó máa gbọ́ ẹni tó ń ka ìròyìn ní òdìkejì ayé. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń na wáyà èríà, èyí tó ń gba ohùn, láti ojú fèrèsé dé orí igi. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ rédíò tí wọ́n bá gbọ́: ẹ ó sọ ohun tí wọ́n sọ gan-an, ẹ ó sọ bó ṣe dún létí yín, àwọn náà á wá fi káàdì aláwòrán ránṣẹ́ láti jẹ́rìí pé lóòótọ́ lẹ gbọ́ wọn. Káàdì yìí ni gbogbo wọn ń lé kiri. Ẹni tí kò bá ní káàdì lè pariwo títí ẹnu rẹ̀ á fi bó, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́.

Aláago tún ra ẹ̀rọ pẹ́ńpẹ́ kan tó ń pín ohùn rédíò kan sí ọ̀nà méjì. Ó kan ìṣó méjì mọ́ ògiri lókè tábìlì, ẹ́ẹ̀fóònù tirẹ̀ lórí ọ̀kan, ti ìyàwó lórí ìkejì. Láràárọ̀, kí òun tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún aago ṣe, kí ìyẹn tó gbéra lọ sí ọsibítù, wọ́n á jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n á máa gbọ́ ohùn kan náà. Wọ́n bímọ, wọ́n tọ́ wọn, àwọn ọmọ bá tiwọn lọ. Tọkọtaya kò fi jíjókòó àárọ̀ yẹn sílẹ̀ rí, ìjà ni o, òjò ni o.

Ní ọdún kan báyìí, nígbà táwọn ọmọ ṣì wà nílé, ni ariwo kan dé sórí rédíò wọn, ó ń kùn bí eṣinṣin tó há sínú agolo, kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohunkóhun. Ṣe ni wọ́n mú rédíò kékeré alábátìrì, wọ́n ń gbé e kiri inú ilé. Bí ariwo bá lọ sílẹ̀, wọ́n á padà. Bó bá lọ sókè, wọ́n á tẹ̀ síwájú. Tọkọtaya ń rákò káàkiri ilé ìdáná, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wọ́n bí ẹni tí nǹkan ti ṣe. Ẹ̀yìn fíríìjì ni wọ́n ti bá a: ṣájà fóònù olówó pọ́ọ́kú kan, dúdú, tó ṣì kan iná, tí ẹnikẹ́ni kò rántí ẹni tó rà á. Nọ́ọ̀sì mú sísọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń gé báńdéèjì, ó gé wáyà rẹ̀ kúrò kí ẹnì kankan má tún lò ó mọ́, ó ku kùkùté bí ìka ọwọ́. Ó wé pílásítà funfun mọ́ ọn lára, ó fi bírò kọ Ọ̀TÁ sí i gàdàgbà. Inú agolo bisikíìtì ni wọ́n gbé e sí, lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ti rojú, ìkejì á ní, "Ṣé kí n tú Ọ̀tá sílẹ̀?" wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí agolo yẹn.

Nígbà tó yá ni akẹ́kọ̀ọ́ kọjá olùkọ́. Aláago kì í ní sùúrù. Bó bá yí rédíò, á máa sáré kọjá lórí gbogbo ohùn bí ẹni tí wọ́n ń lé, á kàn fẹ́ mọ iye ibi tí òun ti dé. Nọ́ọ̀sì ní tirẹ̀, á dúró sójú kan. Ọsibítù ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí sí ẹni tí kò lè gbé ohùn sókè. Níbi tí Aláago bá ti ní, "Kò sí nǹkan níbí, jẹ́ ká lọ," ibẹ̀ gan-an ni ìyàwó rẹ̀ á ti gbé ọwọ́ sókè, á ní, "Ẹ dúró ná, Bàbá wọn, ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ níbẹ̀." Òótọ́ ni yóò sì jẹ́. Kò pẹ́, káàdì tirẹ̀ kún ògiri pálọ̀, ó yà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ti Aláago dúró síbi tó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà.

Ó ń gbé owú náà mì. Ó ń ṣe bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn. Nínú ẹgbẹ́ àwọn olùgbọ́ rédíò ìlú wọn, Elétí ni wọ́n ń pè é láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni etí rẹ̀ mú jù nígbà náà. Ó ṣì ń jẹ́ orúkọ yẹn lọ, ó ń dì í mú bí ẹni di okùn mú. Ìgbà tí ìpàdé ńlá tó ń kó àwọn olùgbọ́ rédíò láti orílẹ̀-èdè káàkiri wá kàn wọ́n láti gbà lálejò ni okùn náà já.

Alága ẹgbẹ́ wọn ni Bàbá Onílétà, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ pín lẹ́tà kó tó fẹ̀yìn tì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní ìpàdé, nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí wọ́n yá lò, bàbá náà gbé apẹ̀rẹ̀ kan lé Aláago lọ́wọ́.

"Elétí, ẹnu ọ̀nà ni tìẹ."

"Ẹnu ọ̀nà kẹ̀? Èmi, Bàbá?"

"Ìwọ náà ni mo fọkàn tán. Gbogbo ṣájà tí wọ́n bá mú wá, inú apẹ̀rẹ̀ yìí ni. Ẹyọ kan ò gbọdọ̀ kan iná nínú gbọ̀ngàn yìí. Ìwọ náà kúkú mọ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ti tó láti sọ gbogbo wa di adití."

Aláago wo iwájú gbọ̀ngàn, níbi tí rédíò ńlá ẹgbẹ́ wà lórí tábìlì, àga kan ṣoṣo níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó lórí àga yẹn ló máa fi ẹ́ẹ̀fóònù bo etí, tó máa gbọ́ ibùdó tó jìnnà, tó sì máa sọ ohun tó bá gbọ́ síta fún gbogbo ìjọ. Nígbà tí wọ́n ṣe ìpàdé kékeré lọ́jọ́sí, òun ló jókòó síbẹ̀.

"Ta ló wá máa jókòó lọ́la?" Ó bi í bí ẹni tí kò kàn.

"Ìyá wọn ni o," Bàbá Onílétà dáhùn, ojú rẹ̀ ń dán. "Àwọn àlejò ló bèèrè fún un. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ẹlòmíì." Ó tọwọ́ bàpò, ó yọ páálí tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ àyà jáde. "Gbà, lẹ tìẹ mọ́ àyà. Mo ti bá ẹ kọ ọ́ kí wọ́n lè tètè dá ẹ mọ̀."

Ohun tí bàbá náà kọ síbẹ̀ ni ỌKỌ NỌ́Ọ̀SÌ.

Kò rò ó sí ibi kankan o, arúgbó náà. Ṣùgbọ́n Aláago lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà, ó sì dà bíi pé abẹ́rẹ́ ló fi rán an mọ́ ẹran ara rẹ̀. Títí ọjọ́ fi kanrí ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gba ṣájà. Onírúurú èèyàn wọlé, pupa, dúdú, ọ̀dọ́mọdé àti ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn, rédíò kékeré nínú àpò oníkálukú bí oníṣẹ́ ọwọ́ tó gbé irinṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ka páálí àyà rẹ̀, ariwo ayọ̀ ni. "Áà! Ìwọ lọkọ rẹ̀? Níbo ló wà?" Wọ́n á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ gìrìgìrì, wọ́n á sì kọjá lára rẹ̀ lọ wá ẹni tí wọ́n ń bèèrè. Kò sẹ́ni tó bi í pé òun fúnra rẹ̀ ńkọ́, kí ni òun máa ń gbọ́.

Onírùngbọ̀n ló tilẹ̀ dúró bá a sọ̀rọ̀. Ọkùnrin gìrìwò kan ni, àyà rẹ̀ gbòòrò bí ilẹ̀kùn, irùngbọ̀n rẹ̀ dé igbáàyà. Òun ló ń tọ́jú adé ariwo, èyí tí wọ́n fi àwọn wáyà ògbólógbòó hun, tí wọ́n ń gbé láti ìpàdé dé ìpàdé. Ẹni tí nǹkan rẹ̀ bá pariwo sórí rédíò àwọn èèyàn ni wọ́n máa ń gbé e lé lórí, gbogbo gbọ̀ngàn á pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó parí.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé e," Onírùngbọ̀n sọ, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìgbà kan, aago ọwọ́ mi ni. Kò sẹ́ni tó kọjá ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi, ìyàwó ẹ yẹn! Lọ́la, òun nìkan ló lè bá wa gbọ́ Ìyá Erékùṣù."

Ọ̀rọ̀ Ìyá Erékùṣù yìí ló kó gbogbo wọn jọ ní ti gidi. Ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan wà ní erékùṣù kan tó jìnnà réré, agbára rẹ̀ kò tó nǹkan, obìnrin àgbàlagbà kan ṣoṣo ló sì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ nìkan ni ohùn rẹ̀ máa ń dé ọ̀dọ̀ wọn, nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, fún ìwọ̀nba àkókò tí ènìyàn fi ń mu ife tíì kan, á sì pòórá. Wọ́n ti kéde pé ilé iṣẹ́ náà máa kógbá sílé, pé ìrọ̀lẹ́ ọ̀la ni Ìyá Erékùṣù máa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó ti ṣèlérí pé ẹni tó bá gbọ́ ìdágbére òun, tó sì kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ránṣẹ́, òun á fún un ní káàdì tó kẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì ti ń lé obìnrin yìí bọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ti gbọ́ orin ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rí, ó ti gbọ́ ikọ́ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kò tíì gbọ́ gbólóhùn kan tó pé débi tó fi lè kọ̀wé. Tí ti ọ̀la bá bọ́, ó bọ́ títí ayé nìyẹn.

Ní àṣálẹ́ ọjọ́ yẹn, nílé, inú obìnrin náà dùn débi pé kò lè jókòó. Ó ń ká aṣọ, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

"Bàbá wọn, mo ti rò ó. Màá mú ẹ̀rọ wa tó ń pín ohùn dání lọ́la. Ẹ máa wá jókòó tì mí níwájú, ká jọ gbọ́ ọ. Ohun tí mi ò bá gbọ́, ẹ̀yin á gbọ́ ọ."

Ẹ wò ó, ohun tí ọkùnrin yìí ń wá nìyẹn, tí wọ́n gbé e wá bá a lórí àga tó jókòó sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jowú kì í rí ẹ̀bùn, ìtìjú ló ń rí. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé àánú òun ló ń ṣe ìyàwó òun.

"Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi mí sí," ó sọ. "Ẹnu ọ̀nà náà ni màá wà."

"Màá bá Bàbá Onílétà sọ ọ́."

"Má bá ẹnì kankan sọ nǹkan kan. Ṣé mo bẹ̀ ẹ́ ni?"

Nọ́ọ̀sì fi aṣọ tó ń ká sílẹ̀, ó lọ gbé omi kaná.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ìyàwó wà nínú balùwẹ̀, Aláago na ọwọ́ sókè kọ́bọ́ọ̀dù, ó ṣí agolo bisikíìtì, ó mú Ọ̀tá sápò. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kàn fẹ́ fi han àwọn àlejò ni, kí wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Títí ó fi dé gbọ̀ngàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fi han ẹnì kankan.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an nìyí. Ihò iná kan wà lára ògiri ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àwọn àga tí wọ́n tò léra sì bò ó lójú. Bí Ìyá Erékùṣù bá ti bẹ̀rẹ̀, òun á ki Ọ̀tá bọ ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, díẹ̀ ṣá. Gígé tí wọ́n gé wáyà rẹ̀ kò ní kó má pariwo bó bá ti kan iná. Ariwo á gba gbogbo rédíò. Ọ̀rọ̀ á pèsì jẹ níwájú, Nọ́ọ̀sì á yọ ẹ́ẹ̀fóònù, á ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. Òun á wá rọra yọ ọ́ padà sápò, òun á dìde, òun á ní, "Ẹ jẹ́ kí n wò ó." Òun á rìn lọ síwájú, òun á fọwọ́ kan wáyà méjì mẹ́ta, òun á jókòó sórí àga yẹn. Ohùn á sì mọ́ kedere. Elétí! Kò lè lo ìkankan nínú ṣájà inú apẹ̀rẹ̀, oníkálukú ló mọ tirẹ̀. Èyí tí àlejò kankan kò mọ̀ ló mú wá.

Àbí ẹ ti rí i pé ọkùnrin yìí ti ya wèrè? Ó fẹ́ fi ariwo pamọ́ nínú ilé tó kún fún àwọn ọdẹ ariwo.

Oòrùn ń wọ̀. Ojú fèrèsé gbọ̀ngàn pọ́n, wáyà èríà tí wọ́n nà kọjá lórí pápá ń mì nínú atẹ́gùn. Nọ́ọ̀sì jókòó sórí àga, aṣọ iṣẹ́ funfun rẹ̀ ló wọ̀ nítorí pé ọsibítù ló ti ń bọ̀ tààrà. Ó fi ẹ́ẹ̀fóònù bo etí. Wọ́n so gbohùngbohùn kékeré kan mọ́ rédíò kí àwọn yòókù lè máa gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Bàbá Onílétà gbé ọwọ́ sókè. Òfin wọn ni pé bí ọwọ́ bá ti lọ sókè, ẹnì kankan kò gbọdọ̀ wúkọ́.

Ó kọ́kọ́ jẹ́ híhó lásán. Lẹ́yìn náà ni orin kan yọ láti ìsàlẹ̀, fèrè kan ṣoṣo, tín-ín-rín. Inú gbogbo èèyàn dùn, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú. Nọ́ọ̀sì pa ojú dé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ni Aláago rí. Ó ki Ọ̀tá bọ ihò iná.

Ariwo bẹ́ jáde ní gbohùngbohùn, ó ń kùn bí eṣinṣin tó há sínú agolo. Orin fèrè rì sínú rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni Onírùngbọ̀n, tó pẹ́ dé láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, rọra wọlé, ó fa ọ̀kan nínú àwọn àga tí wọ́n tò léra, ó gbé e kalẹ̀ gan-an níwájú ihò iná, ó jókòó gbàgà, ó sì fẹ̀yìn ti ògiri.

Ọwọ́ Aláago kò lè dé ìdí Ọ̀tá mọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Onírùngbọ̀n gbé ìka lé ètè. Òfin ni òfin.

"Ẹ sún, mo bẹ̀ yín."

"Ṣííì!" Odidi ìlà kan yíjú padà, wọ́n ń mọ́jú sí i.

Nọ́ọ̀sì kò yọ ẹ́ẹ̀fóònù o. Ó tẹ̀ síwájú títí iwájú orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan rédíò, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ẹ́ẹ̀fóònù mọ́ etí, òógùn yọ ní imú rẹ̀. "Ó ní..." Ó tún tẹ́tí. "Ó ní, ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ... tẹ́ ẹ..." Ó mi orí. "Mi ò gbọ́. Ẹ bá mi wá ariwo yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá mi wá a!"

Bàbá Onílétà kígbe: "Ẹ wá a!"

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo wọn tọwọ́ bàpò. Rédíò kékeré jáde lápò, gbogbo rẹ̀ ń kùn ní ohùn kan náà. Wọ́n ń rìn tẹ̀lé ariwo náà, wọ́n ń ya ọ̀tún, wọ́n ń ya òsì. Àwọn kan dorí kodò lábẹ́ tábìlì, àwọn kan na rédíò sókè lẹ́bàá fèrèsé. "Kì í ṣe ibí!" "Ó ń lọ sókè níbí!" Aláago rí wọn tí wọ́n ń bọ̀. Wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, inú wọn ń dùn bí inú ọmọdé tó ń ṣeré bojúbojú, rédíò ọwọ́ wọn sì ń ké kíkan-kíkan síi ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí rédíò àpò Onírùngbọ̀n pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í han, gbogbo wọn nawọ́ sí i. "Ìwọ ni! Ìwọ náà tún ni!" Ọkùnrin náà fò dìde, ó ń fọwọ́ lu ara rẹ̀ wò, àpò, aago, bẹ́líìtì. Lẹ́yìn náà ló wẹ̀yìn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fa Ọ̀tá yọ.

Gbogbo rédíò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ojú yí síwájú. Láti inú gbohùngbohùn, híhó lásán ló ń jáde, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì ṣì tẹ̀ síwájú níbẹ̀. Oòrùn ti wọ̀ tán.

"Ó ti lọ," ó sọ. Ó bọ́ ẹ́ẹ̀fóònù, ó gbé e sórí tábìlì.

Bàbá Onílétà gba ṣájà lọ́wọ́ Onírùngbọ̀n, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára pílásítà. "Ọ̀tá! Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ mọ orúkọ sọ. Elétí, ìwọ lo wà lẹ́nu ọ̀nà. Ta lo jẹ́ kó wọlé?"

"Èmi ni mo ni ín," Aláago sọ. "Mo fẹ́ kí fóònù mi rí iná díẹ̀ ni. Mo gbàgbé."

Ẹ gbọ́ ẹ̀rín! Aṣọ́nà fúnra rẹ̀! Ẹni tí wọ́n ní kó máa gba ṣájà lọ́wọ́ àwọn èèyàn! Ó dùn wọ́n pé Ìyá Erékùṣù bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, àwọn kan ń nu ojú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wọn tí irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ sí, wọ́n sì forí jì í lójú ẹsẹ̀. Onírùngbọ̀n sáré lọ gbé adé ariwo wá, ó gbé e lé e lórí, àwọn wáyà rẹ̀ wọ́ lé e létí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá Onílétà ló bẹ̀rẹ̀ igbe náà, kó lè tu ọkùnrin náà lára: "Elétí! Elétí!" Gbogbo gbọ̀ngàn gbà á lẹ́nu rẹ̀, àwọn tí kò tilẹ̀ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ kí èèyàn tó pọ̀ tó báyìí pe orúkọ yẹn.

Nọ́ọ̀sì gba àárín wọn kọjá wá. Ojú rẹ̀ kò pọ́n, kò sunkún. Ó na ọwọ́ sí Bàbá Onílétà, ìyẹn sì gbé ṣájà náà fún un. Ó yí i lọ́wọ́, ó wo pílásítà tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó wo ìkọ̀wé ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo kùkùté wáyà tó fi sísọ́ọ̀sì gé. Ó súnmọ́ ọkọ rẹ̀ tó fi jẹ́ pé òun nìkan ló gbọ́.

"Fóònù wo lẹ ń ṣáàjì, Bàbá wọn?"

Obìnrin náà fi Ọ̀tá sínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó yíjú sí àwọn èèyàn, ó sì pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn.

Wọn kò jà nígbà tí wọ́n délé. Ì bá sàn kí wọ́n jà. Ó gbé oúnjẹ fún un, ó ní òun fẹ́ tètè sùn, ó sì sùn. Aláago dùbúlẹ̀ tì í, ó ń to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ jọ lọ́kàn. Ó pinnu pé àárọ̀ ni òun máa sọ ọ́, nídìí rédíò, níbi tí wọ́n ti máa ń parí ìjà wọn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyàwó rẹ̀ ti wà nídìí tábìlì, ẹ́ẹ̀fóònù ti bo etí rẹ̀. Aláago jókòó sí àyè tirẹ̀, ó na ọwọ́ sí ìṣó rẹ̀ lára ògiri. Kò sí nǹkan lórí rẹ̀. Ó wo orí tábìlì, ó wo ilẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń pín ohùn kò sí lára rédíò mọ́, wáyà Nọ́ọ̀sì nìkan ló wọ inú rẹ̀.

"Ìyá wọn," ó pè é. "Ẹ́ẹ̀fóònù mi dà?"

Kò yọ tirẹ̀ létí. Ó kàn fi ẹnu júwe òkè kọ́bọ́ọ̀dù.

Ó gbé agolo bisikíìtì sọ̀kalẹ̀, ó ṣí i. Ẹ́ẹ̀fóònù rẹ̀ wà níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ti ká wáyà rẹ̀ rogodo bó ṣe máa ń ká báńdéèjì, ó fi pílásítà funfun tuntun dì í. Ó ti tò ó sí ẹ̀gbẹ́ Ọ̀tá. Aláago yíjú padà láti bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti pa ojú dé, ó ti gbé ọwọ́ kan sókè bó ṣe máa ń ṣe bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí nǹkan kan tó gbọ́. Aláago dúró síbẹ̀ pẹ̀lú agolo lọ́wọ́, kò sì mọ ohun tí ó jẹ́.